Fíìmù Tí Ń Bá Ni Kẹ́dùn

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo bá wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá ní Ajah níbí, ilé a kún. Ará àdúgbò a dé, ẹgbẹ́ a dé, wọn a ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, oníkálukú a padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ilé a dákẹ́. Ìgbà náà gan-an ni ìbànújẹ́ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo Fúnkẹ́ Akíndélé, tí gbogbo wa mọ̀ sí Jénífà. Ìyá rẹ̀ kú ní oṣù kejì ọdún 2023. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, fíìmù rẹ̀, A Tribe Called Judah, jáde; ó sì fi rántí ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìyá nínú eré náà: Jedidah, obìnrin tó dá tọ́ ọmọkùnrin márùn-ún, tí bàbá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àìsàn kíndìnrín kọlù ú, owó ìtọ́jú kò sí. Ni àwọn ọmọ bá pète olè. N kò gbè wọ́n lẹ́yìn o, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ń rò.

Kí ló dé tí ohun tí a mọ̀ pé eré ni fi ń pa wá lẹ́kún? Kámẹ́rà a sún mọ́ ojú òṣèré, ojú náà a gba gbogbo ògiri. Bó ti ń mí, à ń gbọ́. Kó tó pẹ́, ìyá tiwa la ń wò. Àgbà ọkùnrin tó gbé omijé mì níbi ìsìnkú lè jẹ́ kó dà nínú òkùnkùn yẹn. Ẹni tó jókòó tì í náà ń fa imú. A kò tíì nu ojú tán, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ a sọ̀rọ̀ kan, gbogbo ilé a bú sẹ́rìn-ín.

Kò tó oṣù kan tí owó ìwòran rẹ̀ fi kọjá bílíọ̀nù kan náírà. Títí di ìgbà náà, fíìmù Nàìjíríà kankan kò tíì dé ibẹ̀ rí ní sinimá ilé wa. Àsìkò Kérésì ni, àwọn mìíràn fàájì ni wọ́n bá lọ.

Fíìmù kì í ṣe oògùn. Kò lè se ọbẹ̀ fún ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Nítorí náà, bí ọjọ́ kẹjọ aládùúgbò yín bá ti kọjá, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Sinimá wà lójú títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́; bí owó kò bá tó, tẹlifíṣọ̀n yàrá yín tó. Ẹ bá a jókòó. Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n, ẹ má tíì pa tẹlifíṣọ̀n.