Àrùn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ ní Ojú Oníṣẹ́ Abẹ

A ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àrùn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí oníṣẹ́ abẹ máa ń bá pàdé. Ọ̀rọ̀ náà gùn, alẹ́ kò sì gùn. Nítorí náà èmi yóò pẹ́ lórí èyí tí ó ń sọ ọmọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara láìnídìí, èmi yóò sì fi ọwọ́ kan díẹ̀ nínú ìyókù.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Iṣan àlọ ń gbé e láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara; iṣan àbọ̀ ń gbé e padà. Bí àlọ bá dí, ẹran ara tí ó wà níwájú rẹ̀ yóò ṣì, yóò tutù, yóò sì kú. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti èékánná ni kí a wò kí a tó lè rí ṣíṣì náà. Bí àbọ̀ bá bàjẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò dúró bí omi àbàtà, ẹsẹ̀ yóò wú, awọ yóò dúdú sí i, yóò sì di egbò.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ dókítà, a gbé ọmọkùnrin kan tí kò ju ọdún 8 lọ wá bá mi ní òru. Ó já láti orí igi máńgòrò, egungun apá rẹ̀ ṣẹ́ lókè ìgbọ̀nwọ́, wọ́n sì ti fi ọparun lílà dì í pinpin. Ọmọ náà ń ké. Mo fi ìka kan iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo sì bá a pé ó ń lù. Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀.” Mo fún un ní oògùn ìrora, mo sì ní kí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ké mọ́, nítorí pé kò mọ ohunkóhun lára ní ọwọ́ náà mọ́. A kò gé ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ká kò bí èékánná àwòdì, wọn kò sì nà mọ́.

Àṣìṣe mi ni pé mo gbẹ́kẹ̀ lé lílù iṣan. Awọ líle kan wà nínú ara tí ó di ẹran apá àti ẹsẹ̀ sínú bí àpò. Kì í nà. Bí ẹran bá wú nínú àpò yìí, yóò fún àwọn iṣan wẹ́wẹ́ pa ṣáájú iṣan ńlá. Iṣan ńlá ń lù síbẹ̀, ẹran ti ń kú. Richard von Volkmann, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, kọ̀wé nípa irú ìka kíká yìí ní 1881, ó sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìdì tí ó fún jù.

Kí ni kí a máa wò, nígbà náà? Ìrora tí ó ju ti egungun ṣíṣẹ́ lọ, tí oògùn kò ràn, tí ó sì ń pọ̀ sí i bí a bá rọra na ìka. Ẹ má dúró de òtútù. Ẹ tú gbogbo ìdì títí dé awọ, kí ẹ sì gbé apá náà dọ́gba pẹ̀lú ọkàn. Ẹ má gbé e sókè, nítorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ó ń dé ibẹ̀ yóò tún dínkù. Bí ara kò bá rọ̀ kíákíá, oníṣẹ́ abẹ yóò la àpò náà gbọọrọ, yóò fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, yóò sì dí i lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí wákàtí 6 bá kọjá láìsí ẹ̀jẹ̀, ẹran kì í sábà jí mọ́. Èmi kò bá àwọn tí ń to egungun jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tú ìdì ọmọ tí ó bá ké mọ́jú.

Àlọ a tún máa dí lójijì nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá já láti inú ọkàn tí kò lù déédéé. Níhìn-ín, iṣan a dákẹ́, ẹsẹ̀ a sì tutù bí òkúta. Láti 1963 tí Thomas Fogarty ti fi ọ̀nà rẹ̀ hàn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní bàlúù kékeré lórí ni a fi ń fa ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ jáde. Ti àwọn amusìgá àti alátọ̀gbẹ yàtọ̀: díẹ̀díẹ̀ ni tiwọn ń dí, ẹsẹ̀ a máa dùn wọ́n bí wọ́n bá rìn, a sì máa fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n bá dúró. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri lè má tilẹ̀ gbọ́ ìrora yìí.

Egbò òkè kókósẹ̀, ní ìhà inú, ti iṣan àbọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní síkù-sẹ́ẹ̀lì náà fẹ́ràn ibẹ̀. A máa fi báńdéèjì dì í láti ìdí ọmọ ìka dé ìsàlẹ̀ orúnkún, a sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè bí a bá jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di ẹsẹ̀ tí àlọ rẹ̀ ti dí, òun ni yóò pa á. Ẹ kọ́kọ́ wá iṣan orí ẹsẹ̀ àti èyí tí ó wà lẹ́yìn kókósẹ̀ inú. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń wá wọn, kí ó dúró lẹ́yìn ìpàdé. Èmi yóò bọ́ bàtà mi.