Adébáyọ̀ Fálétí àti Ìtàn Àwọn Tí Ń Ru Koríko



Bí ènìyàn bá dúró ní Mọ́níyà níbi tí mo ń gbé, ọ̀nà méjì ni ó lè tọ̀ kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan gba Fìdítì lọ sí Ọ̀yọ́. Èkejì gba Ìjàyè lọ sí Ìṣẹ́yìn, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà Òkè Ògùn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ìwé rẹ̀, ìtàn àwọn ará Òkè Ògùn ni, àti bí wọ́n ti jà láti bọ́ lọ́wọ́ ìlú ńlá tí ń fi wọ́n sìn. Mo fẹ́ kí a jọ wò ó bí ọmọ Ọ̀yọ́ ti ṣe jókòó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà kò ní ṣàì rántí ohùn rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Akéwì ni, òǹkọ̀wé eré ni, ògbifọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n sí Baba Ọ̀pálábá inú sinimá Ṣaworoidẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ Ọ̀pálábá nìkan, etí aṣọ ni ó dì mú. Ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 2017 ni ó fi ayé sílẹ̀.

Ṣáájú rẹ̀, Fágúnwà ti mú wa wọ igbó irúnmọlẹ̀ ní ọdún 1938. Ní 1955 ni Isaac Delano kọ ìwé *Aiyé D’Aiyé Òyìnbó*, ó sọ bí ìlú ti rí nígbà tí òyìnbó dé. Ní 1969, Fálétí tún rìn sẹ́yìn ju ti Delano lọ, ó mú wa dé ayé tí òyìnbó kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ wa. *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin* ni ó pe ìwé náà.

Kí ẹ̀yin ọmọdé lè mọ ohun tí ó wà nídìí irú ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan. Láyé àtijọ́, koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, títí kan ààfin Ọ̀yọ́. Bẹẹrẹ ni orúkọ koríko náà. Lọ́dọọdún ni àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin ń ru ú wá sí ààfin, wọ́n sì sọ ọjọ́ náà di ọdún Bẹẹrẹ. Lójú ẹni tí ó jókòó láàfin, ọdún ni. Ìlù ń dún, wọ́n ń jó. Lójú ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn rù ú wá, ẹrù ni, ọrùn rẹ̀ ni ó sì wà.

Ojú ẹni tí ó ru ẹrù ni Fálétí fi wo ìtàn. Àjàyí, ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ni ó kọ̀ pé òun kò sìn mọ́. Ìyà jẹ ẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí ìwé náà dùn sí ni pé òǹkọ̀wé kò fi ìrọ̀rùn fún un: bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ òmìnira, àwọn ará ilé rẹ̀ gan-an lè kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó panu mọ́.

Ní 1972 ni eré *Baṣọ̀run Gáà* jáde. Èyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Láàrin ọdún 1754 sí 1774, Gáà sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí Aláàfin, ó ń fi ọba jẹ, ó sì ń mú wọn kú, títí Àbíọ́dún fi bá Ọ̀yabí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, mọ̀ ọ́n pọ̀ tí wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. A máa ń yin ayé Àbíọ́dún pé igbá ni wọ́n fi wọn owó. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ta ni ó ń kó owó náà wá? Láyé Àbíọ́dún kan náà ni Lísàbí kó àwọn Ẹ̀gbá jọ lábẹ́ ẹgbẹ́ àáró, tí wọ́n pa àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá ka *Gáà* láìka *Ọmọ Olókùn-Ẹṣin* yóò rò pé ìjà ọba àti ìjòyè nìkan ni ìtàn Ọ̀yọ́.

Ẹ tún wo ọdún tí ìwé náà jáde. Láàrin 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn dìde lòdì sí owó-orí; Àgbẹ́kọ̀yà ni à ń pè wọ́n. Ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì dín owó-orí náà kù nígbẹ̀yìn. N kò wí pé Fálétí kọ̀wé nítorí wọn, nítorí ìwé kì í hù bí olú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kà á lọ́dún náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ mìíràn mọ ọgbọ́n yìí. Ní Estonia, ilẹ̀ kékeré kan ní àríwá Yúróòpù, Jaan Kross ń bẹ, tí a bí ní 1920. Àwọn ará Soviet mú un ní 1946, ọdún 1954 ni ó padà délé láti Siberia. Nígbà tí ó yá, ìtàn àtijọ́ ni ó ń kọ. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1978 sọ nípa ìjòyè kan tí ó kọ òtítọ́ sí ọba Rọ́ṣíà láyé àtijọ́, tí wọ́n tì í mọ́lé, tí wọ́n ní orí rẹ̀ dàrú. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni Kross sọ. Àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ odindi rẹ̀. Ó kú ní 2007.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ kan rèé fún yín. Ẹ bi ẹni tí ó dàgbà jù nílé yín pé: kí ni ìlú wa ń rù lọ fún ọba ẹlòmíràn láyé àtijọ́, àbí ìlú mìíràn ni ó ń rù ú wá fún wa? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ewé kan, bí ó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi hàn olùkọ́ yín.

Ó dàárọ̀ o.