Ìgékúrú Ọ̀rọ̀ Lára Òkúta Àwọn Ará Róòmù

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Àfi bí ẹni pé àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbọ́ òwe yìí. Iṣẹ́ ńlá ni fífi ọwọ́ gbẹ́ lẹ́tà sára òkúta. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí tọmọdé tàgbà bá ti mọ̀, lẹ́tà kan tàbí méjì péré ni wọ́n máa ń gbẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wo iwájú ilé Pantheon ní ìlú Róòmù: M·AGRIPPA·L·F·COS·TERTIVM·FECIT. M ni Marcus, L ni Lucius, F ni filius, èyí tí í ṣe ọmọkùnrin. COS sì ni oyè consul. Marcus Agrippa, ọmọ Lucius, ni ó kọ́ ọ nígbà tí ó jẹ oyè náà lẹ́ẹ̀kẹta. (Ilé tirẹ̀ ti jóná, èyí tí ó dúró lónìí, ayé Hadrian ni a parí rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò fi orúkọ Agrippa dù ú.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí ó bá jẹ́ pé L·L ni a gbẹ́ dípò L·F, ẹni náà kì í ṣe ọmọ Lucius mọ́. Ẹrú tí Lucius dá sílẹ̀ ni, nítorí pé libertus ni L kejì. Ẹni tí ó bá ń ka lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí kò wo èyí tí ó ṣíwájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e, yóò sọ ọmọ di ẹrú, yóò sì sọ ẹrú di ọmọ.

Ní ọdún 1878, a rí òkúta ibojì kan ní South Shields, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. D M ni ó fi bẹ̀rẹ̀: Dis Manibus, fún àwọn ẹ̀mí òkú. Barates, ará Palmyra ní ilẹ̀ Síríà, ni ó gbé e kalẹ̀ fún Regina aya rẹ̀, ẹni tí ó kú ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ẹrú Barates ni Regina kí ó tó dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn fi L kan ṣoṣo rọ́pò, LIBERTA ni a gbẹ́ síhìn-ín ní odindi, ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí aya sì tẹ̀lé e. Gírámà Látìn náà kò gún rárá. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, èdè àwọn ará Palmyra ni a fi gbẹ́ ìlà kan, kò sì sí ìgékúrú nínú rẹ̀: Regina, ẹni tí Barates dá sílẹ̀, ó mà ṣe o.