Ta Ni Ẹni Ibi Nínú Fíìmù Black Panther?



Àwọn ọmọ wa mọ fíìmù Black Panther tó jáde ní 2018 ju ìtàn ìlú wọn lọ. A ò bá wọn wí. Àwa náà wò ó, ó sì dùn mọ́ wa. Ọba adúláwọ̀, ìlú tí òyìnbó kò ṣẹ́gun rí: inú ta ni kò ní dùn?

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ibi inú fíìmù náà kò ti ìta wá. T'Chaka, bàbá ọba, ló pa àbúrò rẹ̀ ní Oakland ní Amẹ́ríkà, ó fi ọmọ olóògbé sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ọmọ yẹn ni Killmonger tó padà wá gba adé. Apààyàn ni, a ò gbè é. Àmọ́ ẹjọ́ tó gbé wá, ẹjọ́ gidi ni. T'Challa fúnra rẹ̀ kojú bàbá rẹ̀ àti àwọn baba ńlá rẹ̀, ó ní wọ́n ṣì í ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Àwọn obìnrin tó ń ṣọ́ ọba yẹn jọ àwọn obìnrin jagunjagun Dàhòmì. Ní 2022, ìjọba wa ṣí ère ọ̀kan nínú wọn ní Kútọnu, ó ga tó mítà 30. Wọ́n bá Faransé jà, wọ́n kú fún ilẹ̀ wọn. Akíkanjú ni wọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ní 1886, ogun Dàhòmì yìí kan náà ló fọ́ Kétu, tó kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Ìlú di ahoro, àfìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀ ni wọ́n tó padà wá tún un kọ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí odi Kétu, ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ni wọ́n ti ya fíìmù náà, ta ni à bá máa pàtẹ́wọ́ fún?

A ò wá dá ìjà sílẹ̀ o. A bá àwọn Fọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba, a fẹ́ra wa, a bímọ fún ara wa. Àwọn náà lè rán wa létí pé Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Gezo tó kọ̀. Òótọ́ ni. Kí ìyẹn náà wọ inú ìwé tí àwọn ọmọ ń kà nílé ìwé, kí 1886 sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú.

Lẹ́tà tí a fẹ́ kọ sí mínísítà ẹ̀kọ́ ti wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, kó wá sọ ọ́ fún un, kí a lè kọ ọ́ mọ́ ọn.