Orí Fífọ́ Tí Ó Dé Lójijì
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa

Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ń retí ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti omi mímu, ṣùgbọ́n orí fífọ́ ni a yàn, nítorí pé òun ni àìsàn tí gbogbo wa rò pé a mọ̀ jù, òun náà ni ó sì ń tàn wá jẹ jù.

Ebi, òùngbẹ, oòrùn, àìsùn, ibà àti ìrònú, gbogbo wọn ni ó lè fọ́ni lórí. Òmíràn a sì máa mú ẹ̀gbẹ́ orí kan, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní túúlu. Bí ènìyàn bá sinmi, tí ó mu omi, tí ó sì lo oògùn tí ó yẹ, irú èyí a máa rọlẹ̀. Kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni a ṣe dìde.

Èyí tí a ń wí ni orí fífọ́ tí ń dé bí ìgbà tí àrá bá sán. Ara olúwarẹ̀ le koko. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, orí ti dà bí èyí tí a fi òòlù lù, irú èyí tí kò rí rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá fi àrá sọ ọ́ lórúkọ.

Èyí tí ó burú jù nínú ohun tí ń fà á ni kí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú agbárí. Nígbà mìíràn, ara iṣan náà a ti fẹ́lẹ́ níbì kan, a sì wú síta bí rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí ó yọ kókó, ẹni tí ó ni ín kò sì ní mọ̀. Ọjọ́ tí ó bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a tú yí ọpọlọ ká. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti sìgá mímu wà lára ohun tí ń ti irú iṣan bẹ́ẹ̀ dé ibi àtibẹ́. Ibi tí ó bẹ́ lè tún bẹ́, ewu èyí sì pọ̀ jù láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan tí ń gbé e jáde kúrò nínú ọpọlọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fetí sílẹ̀. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá oṣù márùn-ún, tàbí ìyá ọmọ tuntun tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ sì wú, kì í ṣe àárẹ̀ oyún lásán ni ó ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lè fa gìrì, ó sì lè gba ẹ̀mí ìyá àti ti ọmọ.

Bí ibà bá bá orí fífọ́ rìn, tí ọrùn gan, tí aláìsàn kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ rántí yírùnyírùn. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣòwò ní Òkè Ọya mọ̀ ọ́n. Ó jà gidigidi ní Kánò ní ọdún 1996.

A kò wí pé gbogbo orí fífọ́ òjijì ni ó léwu. Òmíràn wà tí a yẹ̀ wò tí a kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí ni ó lè sọ ọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú omi tí dókítà bá fà ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwòrán náà sì ń fi ẹ̀jẹ̀ hàn dáadáa jù láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń pariwo kánkán.

Ìyá olójà kan wà ní ìlú wa tí irú rẹ̀ kọlù ní ọ̀sán ọjọ́ ọjà. Àwọn kan ní ayé ni. Àwọn kan ní kí a sín in ní gbẹ́rẹ́. Wọ́n ra oògùn ní kẹ́míìsì, ó bì í. Wọ́n pe ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì jókòó de èsì. Ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. Ó yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò padà sípò. A kò bú ẹnikẹ́ni, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àdúrà ṣe é gbà nínú mọ́tò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni iṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọmọ Awẹ́ ni Latunde Odeku, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962.

Bí orí bá fọ́ni lójijì báyìí, tàbí tí èébì, gìrì, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ẹnu tí ó wọ́ tàbí apá tí kò gbé bá a rìn, tàbí tí ó tẹ̀lé ìṣubú lórí ọ̀kadà, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ kọrí sí. Ẹ kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà yóò bèèrè. Ẹ má fún un ní aspirin, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn pọ̀ sí i. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ní Nàìjíríà, 112 ni a ń pè, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá wà nítòsí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará Gẹ̀ẹ́sì, 999. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, 911.

Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun, ohun kan ni a ń bẹ̀ yín. Ẹ fi owó díẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan nílé láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì sọ fún un pé kò nílò àṣẹ yín kí ó tó pe onímọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín tí ẹ ní mọ́tò tí ó lè rìn lóru, ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà yín lé Akọ̀wé Ẹgbẹ́ lọ́wọ́ kí a tó túká.