Nígbà tí Ìwé Báńkì àti Ìwé Inú Kọ̀ǹpútà Kò Bá Fẹnu Kò

Ẹni tó bá ń fi sọ́fítíwíà bíi GnuCash tọ́jú ìṣirò owó rẹ̀ yóò mọ ìṣòro tí mo ń wí. A gba státímẹ́ǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a kó o wọlé, kọ̀ǹpútà kò ké gbàjarè. Ṣùgbọ́n bálánsì tó gbé jáde kò bá ti báńkì mu. Sọ́fítíwíà ni ọ̀pọ̀ ń bú. Èmi rí i pé ojú ọ̀nà ni fáìlì náà ti sábà máa ń bàjẹ́, àti pé báńkì fúnra rẹ̀ ti fi ẹ̀rí tí a ó fi mọ ibi tó ti bàjẹ́ sínú rẹ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni kí a fi Excel ṣí fáìlì CSV kí a tó kó o wọlé. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kìkìdá nọ́ńbà, Excel á kà á sí iye. Nọ́ńbà àkáǹtì NUBAN ní ẹyọ 10. Èyí tó bá fi òdo bẹ̀rẹ̀ á pàdánù òdo náà. Ti ìdánimọ̀ NIP, tó wà lára owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyọ 30 ló ní, Excel kò sì lè pa ju 15 mọ́. Bí a bá tún fi pamọ́ bíi CSV, ìkékúrú tó ní E+ nínú ni yóò kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àmì báńkì àti déètì ló wà níwájú. Ẹ̀yìn ni ohun tó ya owó kan sọ́tọ̀ sí èkejì wà. Fáìlì tí báńkì fún yín, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ ṣí, Notepad ni kí ẹ sì fi ṣí i.

Déètì náà ń dà wá láàmú. 03/04/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lójú tiwa; lójú sọ́fítíwíà tí a ṣètò bíi ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni. Láti ọjọ́ 1 sí 12, àṣìṣe yìí kì í pariwo. Ọjọ́ 13 ló ń tú àṣírí, torí kò sí oṣù kẹtàlá.

Ọ̀rọ̀ owó tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Microsoft, Intuit àti CheckFree, tó gbé ìlànà fáìlì OFX jáde ní 1997, ti ro èyí: báńkì á fún owó kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, FITID, kí sọ́fítíwíà lè mọ èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. CSV kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Iye àti déètì wà lára ohun tí GnuCash á máa fi fura. Káàdì ìpè ₦1,000 tí a rà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan lè jọ ẹyọ kan lójú rẹ̀. Ẹ ka ohun tó bá dábàá kí ẹ tó gbà.

Ẹ̀rí tí mo wí yẹn, òpó bálánsì ni. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan ni báńkì ti kọ iye tó ṣẹ́kù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti sọ́fítíwíà, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́ jù: ìlà àkọ́kọ́ tí wọ́n ti yàtọ̀ ni kí ẹ dúró sí. Kí ẹ wá wo ìyàtọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ₦40,000, tí ₦20,000 sì jáde ní ìlà yẹn, owó tó jáde ni kọ̀ǹpútà kà sí owó tó wọlé. Bó bá jẹ́ ₦53.75, ẹ fura sí owó iṣẹ́ tí báńkì ń gbà lórí owó tí a fi ránṣẹ́ tó bá ju ₦50,000 lọ, ìyẹn ₦50 pẹ̀lú VAT 7.5%, tí ẹni tó ń fọwọ́ kọ ìṣirò rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gan-an, nítorí kò béèrè pé kí ènìyàn mọ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ti mọ ìyọkúrò lè ṣe é.

Ó dùn mí pé PDF ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń gbà, èyí tí a ṣe fún ojú ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti gbé ìlànà jáde ní 2021, ó fi àlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe lọ tẹ̀ lé e ní 2023, kí oníbàárà lè fàṣẹ sí i pé kí àkọsílẹ̀ owó òun lọ tààrà síbi tó bá fẹ́. Ẹ tọ báńkì yín lọ, ẹ béèrè OFX tàbí CSV lọ́wọ́ wọn. Títí wọn yóò fi dá yín lóhùn, oṣù kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa kó wọlé, kí bálánsì oṣù náà sì dọ́gba kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn.