Ọrẹ Ọdọọdún Nínú Ìjọ, àti Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Béèrè Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ bá àwọn olórí kíláàsì àti àwọn àlejò wa sọ ní ọ̀sẹ̀ Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún



Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó, mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀. Ohun tí ó yẹ àjọ̀dún ni kí a sọ ti àwọn baba wa tí ó ru igi àti òkúta, kí a sọ ti àwọn akọrin àti ti àwọn olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ owó, ojú àwọn ènìyàn a máa rẹ̀wẹ̀sì. Síbẹ̀, nígbà tí mo rò ó síwá sẹ́yìn, mo rí i pé òrùlé tí ó wà lórí wa yìí, owó ni a fi kàn án, owó náà kò sì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ọwọ́ ọlọ́rọ̀ kan. Ó ń wá lọ́dọọdún, díẹ̀díẹ̀, láti ọwọ́ àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ orúkọ wọn mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe gbà. Mo sì ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́, èyí tí yóò dé ní ààyè tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ètò ọrẹ ọdọọdún jẹ́ àṣà tuntun tí aráyé gbé wọ inú ìjọ. Nígbà tí àìní bá àwọn ènìyàn mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ṣe ètò ọrẹ láàárín àwọn ìjọ tí ó gbìn. Ẹni tí ó bá ka Ìwé Kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, orí 16, yóò rí i pé kò ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ tí òun bá dé: ní ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ ni kí olúkúlùkù máa ya nǹkan sọ́tọ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó bá ti rí èrè sí. Nínú Ìwé Kejì, orí 8 àti 9, ó hàn pé àwọn ará Kọ́ríńtì ti pinnu láti ọdún tí ó kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì parí rẹ̀. Kí ni Pọ́ọ̀lù ṣe? Kò dúró ní gbangba láti ka gbèsè wọn. Ó kọ̀wé sí wọn; ó sọ fún wọn bí àwọn ará Makedóníà, tí òṣì ń ta gan-an, ti fi tayọ̀tayọ̀ ṣe tiwọn; ó sì rán Títù àti arákùnrin méjì lọ ṣáájú, kí ẹ̀bùn náà lè ti wà ní ìmúrasílẹ̀ kí òun tó dé, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ó fi owó náà sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó rán míṣọ́nnárì sí wa ṣe rí owó. Ọdún 1799 ni a dá Ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù. Lóòótọ́, àwọn ọlọ́rọ̀ wà lára wọn. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi dá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọdé ti ń dá kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí ń gba kọ́bọ̀ náà mọ ilé ẹni tí ń dá a. Ó ń yà níbẹ̀, ó sì ń sọ fún un ohun tí kọ́bọ̀ rẹ̀ ń ṣe ní òkè òkun. Kọ́bọ̀ wọ̀nyí wà nínú owó tí ó ran iṣẹ́ Townsend àti Crowther lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọ Abẹ́òkúta ní 1846.

Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé Ẹgbẹ́ náà láti 1841 títí di 1872, kò fẹ́ kí àwa náà máa wo ọwọ́ àwọn ará òkèèrè títí ayé. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ìjọ máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣe àkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ìhìnrere fúnra rẹ̀. Ní 1861 àwọn ìjọ Sàró bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ àwọn àlùfáà tiwọn. Láàárín 1870 sí 1880, Èkó tẹ̀lé wọn. Owó kíláàsì àti ìdáwó ni wọ́n fi ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ wa nígbà náà, owó ẹyọ ni ènìyàn ń mú wá: ogójì lórí okùn kan, ẹgbàá ní orí kan, ọ̀kẹ́ kan nínú àpò kan. Ẹ rò bí ẹrù náà yóò ti wúwo tó lórí akápò! Lẹ́yìn náà ni kọ́bọ̀, tọ́rọ́ àti sísì dé, tí nǹáírà sì gba ipò wọn ní 1973. Owó ń yí padà, ṣùgbọ́n ìwé tí a ń kọ orúkọ sí kò yí padà.

Kì í ṣe ìjọ nìkan ni ó mọ ọgbọ́n yìí. Ní 1890 àwọn tí ó ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yale ní Amẹ́ríkà dá àpò owó kan sílẹ̀, kí olúkúlùkù lè máa fi ohun tí agbára rẹ̀ bá ká sí i lọ́dọọdún, ì báà kéré, ì báà pọ̀. Àpò náà ṣì wà títí di òní.

Wàyí o, ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ní ìlú mìíràn, mo jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọ̀dọ́ ni mí, ara mi sì gbóná. Ní ọjọ́ ìkórè, lẹ́yìn tí a ti ta iṣu, ọsàn àti adìẹ tán ní básà, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sì ka orúkọ àwọn tí ó ṣe ìlérí ní ọdún tí ó kọjá tí wọn kò san án pé, àti iye tí ó kù lọ́rùn olúkúlùkù. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn sáré wá san tiwọn. Owó ọjọ́ náà pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. A yìn mí, inú mi sì dùn.

Orúkọ ìyá kan wà nínú ìwé náà, opó tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó ti ń dá owó tirẹ̀ láìyẹ̀. Ní ọdún náà, ó san ìdajì, ó sì dákẹ́. N kò bi í ní ìdí rẹ̀. Mo kàn kà á ni. Ní ìkórè ọdún tí ó tẹ̀lé e, n kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní èyí tí ó tún tẹ̀lé e. Nígbà tí mo lọ kí i nílé níkẹyìn, ó gbé àga fún mi, ó fún mi ní omi, ó ní, “Ọmọ mi, o kú ìrìn. Owó kọ́ ni ó lé mi. Ìbá ṣe pé o yà síbí kí o tó ka orúkọ mi, ojú ara rẹ ni ìwọ ìbá fi rí ọmọ tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní, “Ẹ dárí jì mí, Ìyá.” Kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti lọ sílé, mo kó ìwé ìkórè ọdún mẹ́rin jáde, mo sì ṣe ohun tí n kò ṣe rí: dípò kí n ro owó pọ̀, mo ka orúkọ. Ní ọdún tí a yìn mí, owó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n orúkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí dín kù. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tún dín sí i. Alága ìkórè wa, ẹni tí Ọlọ́run bù sí, ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò náà tí a kò fi rí i. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ihò náà yọ sí gbangba, katikíìsì wa sì ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta láìgba owó. Ọkùnrin náà ní ọmọ márùn-ún. Ojú rẹ̀ ni n kò lè wò lákòókò náà.

Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí akápò bá jábọ̀ iye owó tí ó wọlé fún ìgbìmọ̀, ohun tí mo ń béèrè ni pé: ènìyàn mélòó ni ó fi í sílẹ̀? Ta ni ó dá owó lésìí tí a kò rí ní ọdún yìí? Ẹni tí ó ti fún wa rí tí ó sì dẹ́kun, ó ní ohun tí ó ṣe é, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwa ni. Ó rọrùn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ làjà ju kí a lọ wá ẹni tí kò mọ̀ wá rí lọ. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ a máa fi gbogbo agbára wọn wá alága ọjọ́ tí yóò ti ìta wá, wọn a tẹ àwòrán rẹ̀ gàdàgbà sára ìwé ìkésíni, nígbà tí àwọn ogún tí ó dákẹ́ wà ní òpópónà kejì.

Ọ̀ràn àgbẹ̀ yé gbogbo wa: ẹni tí ó bá fi ìwé ìkésíni pín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìkórè dà bí ẹni tí ó gbin iṣu lónìí tí ó sì ń wá ọ̀bẹ. Oṣù Kìíní ni ó yẹ kí iṣẹ́ ọdún bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ìbéèrè, bí kò ṣe pẹ̀lú ọpẹ́ àti ìṣirò: èyí ni ẹ fún wa lésìí, èyí ni a fi ṣe. Lẹ́yìn Àjíǹde ni kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra wọn sì kọ́kọ́ dá tiwọn. Nítorí ẹni tí kò tíì fi nǹkan sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti bẹ ẹlòmíràn. Kí wọ́n sọ ohun kan pàtó tí a fẹ́ fi owó náà ṣe, kí ó sì jẹ́ ohun tí ojú lè rí. “Fún ìtẹ̀síwájú ìjọ” kò yé ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe òrùlé ìhà àríwá yé ọmọdé, pàápàá ọmọdé tí òjò ń kán sí lára.

Lẹ́yìn èyí ni ìbẹ̀wò, níbi tí gbogbo iṣẹ́ náà gbé wà. Kí ẹni méjì méjì máa lọ sí ilé àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà, kí wọ́n sì jókòó gbọ́ ìdáhùn. Bí wọ́n bá bá àìsàn níbẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà kí wọ́n sì padà láìdárúkọ owó. Kí wọ́n sọ fún Àlùfáà. Bí ara bá dá, kí wọ́n sọ iye tí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe, kí wọ́n sì fi sùúrù gbà pẹ̀lú iye tí onílé bá sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ san án lóṣooṣù, kí a jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Iye kékeré lóṣooṣù kì í wúwo, ṣùgbọ́n lápapọ̀ ó a máa ju èyí tí ènìyàn lè mú jáde lójijì lọ. Bí ìlérí bá kù, kí ẹni tí ó gbà á náà lọ rán an létí, ní kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn, wọn yóò ní bí a kò bá pariwo, àwọn ènìyàn kì yóò san. Mo ti pariwo rí; mo ti sọ ohun tí mo rí fún yín.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ́nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa gbúròó wa ní oṣù ìkórè nìkan. Owó tí wọ́n ń fi fóònù rán a máa wọ báńkì láìní orúkọ tí ó yéni, akápò a sì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ àti kíláàsì ìyá wọn tàbí ti baba wọn sí i. Kí rìsíìtì dé ọwọ́ olúkúlùkù kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àti ẹni tí ó fi ẹgbẹ̀rún kan nǹáírà sílẹ̀, àti ẹni tí ó fi mílíọ̀nù kan sílẹ̀.

Ní ti ìṣirò, ẹ rántí Ọba Jóáṣì. Ìwé Kejì Àwọn Ọba, orí 12, sọ pé títí di ọdún 23 ìjọba rẹ̀, a kò tíì tún ibi tí ó wó nínú ilé Olúwa ṣe, bẹ́ẹ̀ ni owó sì ń wọlé. Nígbà náà ni Jèhóíádà àlùfáà mú àpótí kan, ó dá ihò sí ìdérí rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹ̀bá pẹpẹ. Bí ó bá ti kún, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà a jọ ka owó náà, wọn a dì í sínú àpò, wọn a sì fi í fún àwọn alábòójútó iṣẹ́. Àwọn akápò kan fẹ́ràn láti tọ́ka sí ẹsẹ tí ó wà nísàlẹ̀, pé a kò bá àwọn ọkùnrin náà ṣírò owó nítorí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tí ó ṣáájú rẹ̀: ènìyàn méjì ti kà á kí ó tó kúrò nídìí àpótí.

Ìyá ẹlẹ́kọ náà padà wá ní ọdún kẹta. Ọmọ náà ti sàn, òun ni ó ru agbọ̀n ìyá rẹ̀. Ó fi àpòòwé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, mo sì kọ rìsíìtì fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìwé orúkọ ìjọ wa ti ọdún yìí ti wà ní ìmúrasílẹ̀. A ti ya àwọn tí ó dá owó lésìí tí a kò tíì rí sọ́tọ̀, kíláàsì kọ̀ọ̀kan sì ní àpòòwé tirẹ̀ lórí tábìlì tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kí olórí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ kí ó tó lọ sílé. Ọjọ́ Ajé ni ìbẹ̀wò yóò bẹ̀rẹ̀.